Ní Amuro, Níbi tí Àwo Orí Òrùlé ti Kọjú sí Ìlà-Oòrùn

Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà Kabba, tí ẹ kọjá Aiyetoro-Gbede lọ sí apá Mopa, ẹ óò rí i pé òrùlé páànù àwọn ilé tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà kò ṣófo. Àwo ni ó wà lórí wọn, àwọn kan ti dípẹtà, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán. Ẹ tún wò wọ́n dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn ni ó kọjú sí ọ̀nà kan náà, bí àwọn àgbà tí wọ́n jí ní kùtùkùtù tí wọ́n ń wo ibi tí oòrùn yóò ti yọ. Àlejò tí kò bá mọ ìlà-oòrùn yàtọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn ní Amuro kò ní láti bi ẹnikẹ́ni. Kí ó ṣáà gbójú sókè wo òrùlé.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Sátẹ́láìtì tí DStv fi ń rán àwòrán sí ilẹ̀ wa wà ní ojú ọ̀run ní ọ̀kánkán ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ní ibi tí àwọn tí ń ya àwòrán ayé pè ní ìwọ̀n 36 ní ìlà-oòrùn. Jíjìnnà rẹ̀ sí ilẹ̀ tó kìlómítà 35,786. Bí ayé ti ń yí ni òun náà ń yí ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà, lójú wa, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé a kàn án mọ́ ojú ọ̀run. Bí a bá ti sọ àwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, tí ìjì kò yẹ̀ ẹ́, tí ọmọdé kò fi bọ́ọ̀lù gbá a, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún fọwọ́ kàn án. Àwọn àwo díẹ̀ wà tí wọ́n kọjú sí òkè gan-an bí igbá tí ń gba òjò. Ẹ má ṣe rò pé a gbé wọn kọ́ sódì o. Sátẹ́láìtì mìíràn tí ó súnmọ́ àtàrí wa ni àwọn ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n fi Amuro hàn yín, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa tí a dàgbà sí apá Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kò mọ ibì kan ní ìpínlẹ̀ Kogi ju Lokoja lọ. Amuro kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Àkójọpọ̀ ìletò ni. Takete-Ide, Takete-Isao, Odole àti Agbajogun wà lára wọn. Orúkọ wọn àti ti Mopa ni a pa pọ̀ tí ó di Mopamuro, tí í ṣe orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Yagba ni wọ́n, nínú ẹbí ńlá tí a ń pè ní Okun, àwọn àti àwọn Owe ti Kabba, àwọn Ijumu, àwọn Bunu àti àwọn Oworo. Inú ìkíni wọn ni orúkọ náà ti jáde. “Okun o” ni wọn yóò fi pàdé yín ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní orí iṣẹ́ àti ní ojú ọ̀nà. Èmi tí mo ti kí àgbàlagbà ní “ẹ káàárọ̀” lẹ́yìn tí ọ̀sán ti pọ́n rí mọ ìwúlò ìkíni kan tí ó bá gbogbo àkókò mu. Oko ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wọn: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kajú. Ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, èso kajú pupa àti aláwọ̀ ìyeyè a máa tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi, òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo ojú ọ̀nà.

Yorùbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìhà Àríwá ni ìjọba àwọn òyìnbó pín wọn sí. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán hàn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìgbì rẹ̀ kò dé òkè ọ̀dọ̀ wọn. Kaduna ni olú-ìlú tí ń ṣe àkóso wọn nígbà náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n bọ́ sí ìpínlẹ̀ Kwara, kí wọ́n tó di ará Kogi nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Àwo orí òrùlé ni ó mú kí ó ṣeé ṣe fún ìyá àgbà ní Takete láti jókòó sí yàrá rẹ̀ kí ó máa wo eré Yorùbá láti àárọ̀ di alẹ́, pàápàá láti ọdún 2010 tí ìkànnì Africa Magic Yoruba ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí dikódà bá kú ní irú ilé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe eré nìkan ni ó kú.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ ni mo bá lọ sí Amuro. Ọ̀rọ̀ dikódà ni wọ́n bá mi sọ.

Ìyàwó ilé tí ó gbà mí ní àlejò ní ọmọ mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni dikódà wọn ti kú. Iná pupa kékeré tí ó wà ní iwájú rẹ̀ kò tàn mọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e fún, tí ó jẹ́ pé òun náà ń ta tuntun, sọ pé kò ní àtúnṣe, kí ó yáa ra òmíràn. Owó kajú tí ó fi pamọ́ de owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni ó wà nílẹ̀. Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ń dà á láàmú ju owó lọ. Alaalẹ́ ni àwọn ọmọ ń sá kọjá títì lọ wo tẹlifíṣọ̀n ní ilé ẹlòmíràn, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń sáré lójú títì náà nínú òkùnkùn. “Àǹtí,” ni ó wí, “ṣé kí n ra á ni, àbí kí n máa tì wọ́n mọ́lé?”

Kí n tó dáhùn ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti dá sí i. Ìyá náà ti hun aṣọ rí nígbà èwe rẹ̀, lórí òfì tí ń dúró lóòró, irú èyí tí àwọn obìnrin Kabba àti Bunu fi lókìkí. Ó ní bí òwú bá já lórí òfì, a kì í gbé aṣọ náà jù nù. Ọwọ́ ni a fi ń tọ òwú náà títí a ó fi dé ibi tí ó ti já. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni a tẹ̀lé, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà tẹ̀ lé e bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nílé yín.

Láti orí òrùlé dé iwájú àga yín, ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwòrán ń gbà. Àwo kò ṣe ju pé kí ó kó ìgbì jọ sí ojú kan. Orí kékeré tí ó nà síwájú rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní LNB, ni ó ń gba ìgbì náà tí ó ń sọ ọ́ di èyí tí ó lè gba inú wáyà kọjá. Wáyà gbé e wọlé. Dikódà tú u, ó sì fi wáyà mìíràn gbé e fún tẹlifíṣọ̀n. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: dikódà ni ó ń bọ́ LNB. Inú wáyà kan náà ni ó ti ń fi iná díẹ̀ ránṣẹ́ sí i lókè, fólìtì 13 tàbí 18, gẹ́gẹ́ bí ìkànnì tí ẹ ń wò bá ti ń fẹ́ ẹ. Nítorí náà bí àwọn ìkànnì kan bá ń wọlé dáadáa tí àwọn mìíràn kò wọlé rárá, tí ẹ sì ti san owó gbogbo wọn, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú iná méjèèjì yìí ni kò jáde mọ́.

Dikódà tí kò tan iná kankan kò ì tíì bá àwo ní ọ̀rọ̀. Ibi tí iná ti ń wọlé ni kí ẹ wò. A fi fóònù sí ihò iná kan náà tí dikódà ń lò, fóònù náà gba iná. A yọ wáyà iná rédíò tí ẹnu rẹ̀ bá ti dikódà mu, a fi dán an wò, kò sí ìyàtọ̀. Ìgbà náà ni a mọ̀ pé inú àpótí náà gan-an ni òwú ti já. Bí ti yín bá jẹ́ irú tí ó ní adápítọ̀ lọ́tọ̀ bíi ti fóònù, ẹ dúpẹ́, nítorí ó lè jẹ́ adápítọ̀ náà ni ó kú, kò sì sí ìdí láti ṣí dikódà. Kí ẹ ṣáà rí i pé iye fólìtì tí a kọ sí ara èyí tí ẹ óò fi rọ́pò rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, àti pé iye ampere rẹ̀ kò kéré sí ti àkọ́kọ́.

A gbé e lọ sí Mopa, sí ìsọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ kan. Ohun tí ó kọ́kọ́ wù mí lára rẹ̀ ni pé kò yára. Ó tú ìdè àpótí náà, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀ títí ó fi fi gílóòbù iná kan fa agbára tí ó kù nínú rẹ̀ jáde. Ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin ìyá. Iná 220 tí ń wọ inú irú dikódà bẹ́ẹ̀ a máa di fólìtì tí ó ju 300 lọ nínú rẹ̀, agbára náà a sì máa wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ó lè pa ènìyàn. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo ń kọ yín láti wò, ẹ̀yìn àpótí náà ni ó wà. Ẹ má ṣe ṣí i fúnra yín, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọkùnrin tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná ní ilé-ìwé ṣí i fún yín.

Nínú àpótí náà ni a ti rí àwọn agolo kéékèèké tí wọ́n dúró ṣánṣán lórí pátákó aláwọ̀ ewé. Kàpásítọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí iná tí ń wọlé dúró sójú kan, bí ìkòkò omi ti ń mú kí omi wà nílé bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń sé. Oje kan wà nínú wọn tí ooru a máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti ń bàjẹ́, orí agolo náà a wú. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé agolo ẹja tí orí rẹ̀ bá wú kì í ṣe èyí tí a ń ṣí fún ọmọ jẹ. Ojú kan náà ni oníṣẹ́ yìí fi wò wọ́n: méjì nínú wọn ni orí wọn ti yọ gọngọ. Fíúùsì kò já, ohun yòókù sì ṣe déédéé. Ó fi áyọ́ọ̀nù yọ́ òjé tí ó dè wọ́n mọ́lẹ̀, ó fà wọ́n tu, ó sì fi tuntun sí i, tí iye fólìtì wọn kò dín sí ti àkọ́kọ́, tí a sì kọ 105 sí wọn lára, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ooru tí wọ́n lè fara dà. Iná pupa tàn. Owó tí ó gbà kò tó ohun tí ìyàwó náà yóò fi ra ìdajì dikódà tuntun, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn.

Ó wá bi wá ní ìbéèrè kan tí ó yẹ kí a máa bi ara wa nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ilé: “Kí ni ẹ gbé lé e lórí?” Ojú ti ìyàwó ilé náà díẹ̀. Aṣọ funfun kan tí òun fúnra rẹ̀ fi òwú hun lọ́nà mèremère ni ó tẹ́ bo dikódà náà, ó sì gbé ìkòkò òdòdó lé e. Ó dára lójú, èmi náà yìn ín nígbà tí mo dé. Ṣùgbọ́n àwọn ihò tí ó wà lórí àpótí náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdajì ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ ni ó ń gé kúrò. Ẹ ká aṣọ náà kúrò, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ẹ má ṣe gbé dikódà lé orí ẹ̀rọ mìíràn tí ń gbóná, ẹ sì máa nu eruku orí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ nígbà tí ẹ bá ti yọ wáyà iná rẹ̀. Èèrà, aáyán àti ọmọńlé fẹ́ràn ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òkú ọmọńlé kan ṣoṣo lórí pátákó náà tó láti so iná pọ̀ níbi tí kò yẹ.

Iná tí kò dúró sójú kan ni apànìyàn kejì. Ní ibi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ìgbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀ ni ó léwu jù, nítorí ó lè wá pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí iná bá lọ, ẹ yọ dikódà kúrò. Bí ó bá dé, ẹ jẹ́ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó dá a padà. Bí òjò bá ṣú tí ààrá ń sán, wáyà iná nìkan kò tó. Ẹ yọ wáyà àwo náà pẹ̀lú kí òjò tó dé, nítorí mànàmáná kò ní láti kọ lu àwo gan-an kí agbára rẹ̀ tó gba inú wáyà wọlé. Bí ààrá bá ti ń sán lórí yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jókòó.

Nígbà tí a dé ilé tí a so gbogbo rẹ̀ pọ̀, iná tàn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, tí ó ní àmì kò wọlé. Inú bí ìyàwó náà. Ó ní oníṣẹ́ ti rẹ́ òun jẹ, òun yóò padà lọ gba owó òun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a kọ́kọ́ tọ òwú náà dópin. Àbúrò ọkọ rẹ̀ gun àkàbà lọ wo ẹ̀yìn LNB. Ibi tí a ti de wáyà mọ́ ọn kò ní ọ̀rá tí a fi wé e, omi òjò ti wọ inú rẹ̀, bàbà àárín wáyà ti di aláwọ̀ ewé. Ó gé e kúrò títí ó fi kan ibi tí bàbà ti ń dán, ó fi ẹnu tuntun sí i, ó wé e, ó sì jẹ́ kí wáyà náà tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó wọlé, kí omi lè máa kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kí ó tọ wáyà wọ yàrá. Àwòrán dé. Bí a kò bá wò ó ni, ìjà ìbá ti bẹ́ sílẹ̀ ní Mopa lórí ohun tí oníṣẹ́ kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ máa ka ohun tí ó bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n kí ẹ tó sáré. Ní ti DStv, E16 túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni. Kò sí oníṣẹ́ tí ó yẹ kí ó gba owó yín lórí rẹ̀. E48-32 túmọ̀ sí pé àmì kò dé láti òkè. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, ẹ fi ọwọ́ lẹ́rán. Omi inú òfuurufú ni ó ń gbé ìgbì náà mì, yóò sì padà bí òjò bá dá. Bí òjò ti dá tipẹ́ tí kò sì padà, ẹnu wáyà, LNB tàbí àwo tí ìjì yẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá ní òun kò rí káàdì, ẹ pa dikódà, ẹ yọ káàdì náà, ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu ojú wúrà rẹ̀, ẹ dá a padà. Rìmóòtù tí ó dà bí ẹni pé ó kú, ẹ kọ orí rẹ̀ sí ojú kámẹ́rà fóònù kí ẹ tẹ̀ ẹ́: bí ẹ bá rí iná kékeré tí ń ṣẹ́jú nínú fóònù, rìmóòtù ń ṣiṣẹ́. Ojú lásán kò lè rí iná náà. Kámẹ́rà iwájú ni ó sábà máa ń rí i jù.

Kì í ṣe inú ilé nìkan ni àìsí iná ti ń pa ẹ̀rọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007 ni a ju NigComSat-1, sátẹ́láìtì orílẹ̀-èdè wa, sí òkè láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àbùkù bá àwọn pátákó tí ó fi ń gba agbára láti ara oòrùn, iná tán nínú rẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. Kò sí àkàbà tí ó dé ọ̀hún. Oṣù kejìlá ọdún 2011 ni a tó ju NigComSat-1R sókè láti rọ́pò rẹ̀. Tiwa tí ó wà lórí tábìlì ṣeé gbé dé Mopa.

N kò fara mọ́ àwọn tí ń sọ pé ọ̀rọ̀ wáyà kì í ṣe ti obìnrin. Àwa ni a wà nílé nígbà tí ó bá kú, owó ọwọ́ wa ni a sì fi ń tún un ṣe. Gígun òrùlé ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà nínú oyún tàbí tí ẹ ń tọ́jú ọmọ ọwọ́.

Bí ẹ bá ń gbé dikódà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, ẹ yọ káàdì rẹ̀ sílẹ̀ nílé, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ mú wáyà iná tàbí adápítọ̀ rẹ̀ dání àti rìmóòtù. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdí dikódà pẹ̀lú, kí wọ́n má baà fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ sọ fún un ohun tí ẹ ti dán wò: pé ihò iná ṣe déédéé, pé ẹ ti pààrọ̀ wáyà, pé iná pupa tàn tàbí kò tàn. Oníṣẹ́ a máa yí ohùn padà fún ẹni tí ó bá bá a sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ gba ohun tí ó bá yọ kúrò padà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san owó, ẹ sì jẹ́ kí ó tan dikódà náà lójú yín fún ìdajì wákàtí, nítorí àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbóná tán ni wọ́n tó ń kú.